Bí A Ṣe Ń Mú Afọ́jú Rìn Ní Òmù-Àrán

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ sọ ara mi di ẹni rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, mo so kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ okùn, mo fi kọ́ ọrùn, mo ń gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta, mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń gbé e bọ̀ wálé lọ́sàn-án láti wá ṣílẹ̀kùn fún ìyá ọkọ mi tí mo tì mọ́lé láàárọ̀.

Ilé náà wà ní etí ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Rórẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Èkó ló kọ́ ọ. Bùọ̀dá Èkó ni mò ń pè é, torí pé obìnrin ilé kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sílé ọkọ kó tó wọlé. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, gbogbo ọmọ Òmù-Àrán tó wà ní Èkó ló fẹ́ kí òrùlé tirẹ̀ ga ju ti ẹnìkejì lọ, Bùọ̀dá Èkó kò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ṣe balùwẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ omi wà nínú wọn, omi kò sì gba inú ẹ̀rọ náà kọjá rí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó mọ odi yí i ká, ó fi géètì onírin sí i, ó ní kí wọ́n fi irin ṣe ẹyẹ méjì sí ojú géètì náà. Àwọn aládùúgbò ní idì ni, èmi gbà pé adìyẹ ni.

Inú ilé yìí ló gbé ìyá rẹ̀ sí nígbà tí ojú ìyá náà fọ́ tán. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òun kọ́ ló bí ọkọ mi, àmọ́ ìyàwó àgbà bàbá rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti ń hun aṣọ láti kékeré nínú agbo ilé wa àtijọ́ láàárín ìlú, níbi tí àwọn obìnrin bí mẹ́fà, méje ti máa ń jókòó pọ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n á máa jà, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá Èkó gbé e kúrò láàárín wọn wá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ti gbóhùn ẹnì kankan. Ó ní òun ń tọ́jú ìyá òun, òótọ́ ló sì sọ. Bẹ́ẹ̀dì onítìmùtìmù, rédíò, mílíìkì alágolo, kò sí èyí tí kò rà fún un.

Lẹ́yìn náà ni ìlú le. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí ọkọ mi wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó oṣù, ìjọba ní tiwọn gbàgbé àwa olùkọ́ pátápátá. A kò lè san owó ilé tí a háyà mọ́. Bùọ̀dá Èkó wá ránṣẹ́ pé kí n kó àwọn ọmọ wá sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí n máa gbé yàrá méjì nísàlẹ̀, kí n sì máa bá òun mójú tó Màmá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ sí ìta níbi tí lẹ́tà náà ti bá mi, àfi bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dúró síwájú mi.

Géètì kò ní àgádágodo nígbà yẹn. Ohun tó sọ ọ́ di títì ni pé Màmá jáde lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ sí agbo ilé. Ó fọwọ́ tọ odi títí ó fi dé títì, odi tán, ó sì dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́ kan síwájú láti mọ ohun tó kàn. Mọ́tò kan dúró. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí sọ̀kalẹ̀, ó fi owó sí i lọ́wọ́, ó ṣe àmín bí ẹni pé ó ti gbàdúrà fún un, ó wọkọ̀ lọ. Ó rò pé alágbe ni! Ìyá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ìròyìn náà dé Èkó kí n tó gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, lọ́sẹ̀ kejì àgádágodo dé. Bùọ̀dá Èkó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tún sọ ìyá òun di alágbe láyé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Báyìí la ṣe wà tí ìwé kan fi dé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì ìjọ wa ló mú un wá. Ó pe àwa bí méjìlá jọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí a yọ̀ǹda ara wa láti máa bẹ àwọn tí nǹkan kò rọrùn fún wò: afọ́jú, odi, àwọn arúgbó tí kò lẹ́nì kan, àwọn tí àìsàn ẹ̀tẹ̀ ti san fún àmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń bá wọn jẹun. Ó ní àánú nìkan kò tó, pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ó fi ìwé pẹlẹbẹ kan hàn wá, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, àwòrán sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kù wò mí. Èmi ni tíṣà, ó sì ti bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn.

Mo fi oṣù kan kọ ìwé náà sí Yorùbá. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí bébà tí a fi ń yí ìbéèrè ìdánwò jáde, hẹdimásítà sì gbà kí n lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn lọ́jọ́ Sátidé kan. Yíǹkì bà mí láṣọ jẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi ya àwọn àwòrán náà, mi ò mọ àwòrán yà, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló sì dà bí igi ìdáná. Àwòrán kan wà tí mo fò, ti obìnrin afọ́jú kan tí ajá ń fà kiri. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá kan nínú wa béèrè pé bí ajá náà bá rí ewúrẹ́ ńkọ́, tí ó bá sáré lé e, ta ni yóò lọ gbé ìyá arúgbó nínú kòtò?

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la ń pàdé. Mo ń ka ojú ewé kan, a ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí a dé ibi mímú afọ́jú rìn, a fi gèlè di ara wa lójú ní méjì méjì, a ń mú ara wa yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ìwé ní kí afọ́jú di ìgúnpá rẹ mú, kí ìwọ má ṣe dì í mú, kí o má ṣe tì í, kí o má ṣe fà á. Ìyá tí wọ́n so mọ́ mi kò ka ti ìwé. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ń wọ́ mi lọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n rà lọ́jà, ó ń pariwo "Wọ́lẹ̀! Gbẹ́sẹ̀! Rọra!" sí mi létí, ó sì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa mi pé, "Ẹ kúrò lọ́nà fún un o." Inú bí mi débi pé mo já gèlè náà sọnù. Wọ́n ní eré la ń ṣe. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, torí ohun tó wá sí mi lọ́kàn nínú òkùnkùn yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi.

Ojú ewé kẹfà ló dá awuyewuye sílẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kí o bi. Má ṣe bi ẹni tó dúró tì í. Má ṣe gba ọ̀rọ̀ sọ fún un, bí o bá tilẹ̀ rò pé oore lò ń ṣe é." Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní bí ènìyàn bá wọlé tí baba ilé wà níjòókòó, ṣé afọ́jú ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí? Mo dìde, mo gbé ọwọ́ sí ìbàdí. Mo ní ẹ kí baba ilé, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ẹ yíjú sí ẹni tí ẹ wá wò, kí ẹ bi í ní ohun tó ń fẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ kí ó dáhùn. Mo sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn sí ara mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gòkè lọ bá Màmá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó, lẹ́bàá fèrèsé.

"Màmá, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń mú ẹni tí kò ríran rìn."

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Ó wà nínú ìwé."

"Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé afọ́jú ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Kà á ká gbọ́."

Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé ti ní kí a máa ka ìṣísẹ̀ fún afọ́jú, ó ní, "Ìyẹn ò wúlò. Bó o bá kà á fún mi, mò ń kà á nìyẹn, mi ò rìn. Sọ ilé ẹni tá a dé fún mi. Mo mọ ìlú yìí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ." Mo wá ṣí ojú ewé kẹfà, mo sì bi í, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ àwọn tó kù, ohun tí òun gan-an ń fẹ́.

Kò rò ó rárá. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sí agbo ilé. Mo fẹ́ máa lọ fúnra mi, kí n sì máa bọ̀ fúnra mi. Mi ò fẹ́ kú sókè yìí bí ẹyẹ."

Ìrìn agbo ilé náà kò tó ìdajì wákàtí. Ọjọ́ Sátidé kìíní, ó di ìgúnpá mi mú, mo ṣí géètì, a lọ.  Bí a ṣe ń lọ, òun ló wá ń sọ fún mi ibi tí a dé. Ó gbóòórùn gààrí tí wọ́n ń yan, ó ní ilé àwọn onígààrí ni, ó gbọ́ ìró òòlù alágbẹ̀dẹ, ó ní ká yà sọ́tùn-ún. Ó gbọ́ omi tí àwọn tó fẹ́ kírun ń fi ṣàlùwàlá, ó ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Nígbà tí a yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àwọn arúgbó tó kù níbẹ̀ hó yèè. Ọ̀kan nínú wọn bú u pé ó ti gbàgbé àwọn torí mílíìkì alágolo. Màmá bú u padà, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀gúsí sí i níwájú pé kí ó máa pa á, kò sẹ́ni tó ń jẹun ọ̀fẹ́.

Mo kọ ohun gbogbo tó sọ sí etí ìwé mi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi kọ́ àwọn tó kù. Mo ní kí wọ́n fi ilé àti òórùn àti ìró júwe ọ̀nà, wọ́n ní ó dára ju ti ìwé lọ. Mi ò sọ fún wọn ẹni tó kọ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní òun kò fẹ́ ìgúnpá mi mọ́, kí n gé ọ̀pá fún òun. Mo gé ẹ̀ka gúáfà, mo ha á kó dán. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń dákẹ́, ó sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ó ń ké sí mi pé ẹsẹ̀ mi ń pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n má tẹ̀ lé òun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mi ò ti géètì. Mi ò mọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí aago ìjáde lù, mo sáré gba agbo ilé lọ, mo sì bá a níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀pà sísun.

"Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?" ló fi kí mi.

Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Fún bí oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe, inú mi sì ń dùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù náà kò lọ níjọ́ kan. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dín ìrìn kù níwájú ilé, mo ń fọwọ́ kan ọrùn mi.

Ó sì dé. Ìsìnkú ẹnì kan ló mú Bùọ̀dá Èkó wálé. Ẹnìkan ti sọ fún un ní Èkó, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé wọ́n rí ìyá rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá tọ títì nílùú. Alẹ́ Sátidé ló dé, kò bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ránṣẹ́ sí baálé agbo ilé wa pé kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún Màmá pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀rọ̀ pé kí ó máa jáde tàbí kí ó má jáde mọ́ ni. Ó ní ó dára.

Inú pálọ̀ ìsàlẹ̀ la wà. Ẹ má rò pé ìkà ni Bùọ̀dá Èkó. Ó ti rù. Kóòtù tó wọ̀ ti tóbi jù fún un, bàtà rẹ̀ ti jẹ létí, mo sì rí i pé ìlú ti le fún òun náà. Kò pariwo. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Ìyá mi. Ọ̀pá. Ìyá tèmi." Omi wà lójú rẹ̀.

Baálé kọjú sí mi. "Ìyàwó, ta ló mú Màmá jáde?"

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi. Mo ti kọ́ ènìyàn méjìlá ní ìdáhùn náà: Màmá wà lókè, ẹ jẹ́ kí á pè é, ẹ bi òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi ni ìyàwó àbúrò, àgbà méjì ló wà níwájú mi tí inú ọ̀kan ń bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé bí àgbà bá ń bínú, "mo jẹ̀bi" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí ẹ̀bi náà kì í bá tilẹ̀ ṣe tìẹ. O máa sọ ọ́ kí inú wọn lè rọ̀. Bí inú bá rọ̀ tán, wọ́n á ní kí o dìde, kí o wá ṣàlàyé ara rẹ, ìgbà yẹn ni wàá wá sọ òótọ́ rẹ. Gbogbo obìnrin ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Mo sì gbọdọ̀ sọ èyí náà: mo rántí yàrá méjì tí a ń gbé, mo rántí àwọn ọmọ mi.

"Èmi ni, sà. Mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Bùọ̀dá Èkó mí kanlẹ̀. Ó jọ pé ohun tó ń wá láti Èkó ló rí he yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé Màmá kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra wọn."

Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n..."

"O ti jẹ̀bi, ìyàwó, a sì ti gbọ́," baálé ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, pẹ̀lú inú rere. "Kò sí ohun tí a tún ń yẹ̀ wò. Dìde ńlẹ̀." Ó yíjú sí Bùọ̀dá Èkó, ó ní kó forí jì mí, pé ọmọ dáadáa ni mí, pé ìwé ló ń dà mí láàmú. Bùọ̀dá Èkó ní òun ti forí jì mí. Ó ní kí n máa ti géètì, kí n sì wá ọ̀pá náà jáde kí wọ́n fi dáná. Baálé gbàdúrà. A ṣe àmín. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ kan.

Mo gòkè lọ bá Màmá. Lórí àtẹ̀gùn, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, mo sì ń tan ara mi jẹ pé mo ṣì lè wá ọgbọ́n míràn sí i, pé n óò máa mú un lọ ní kọ̀rọ̀.

Ó ti wẹ̀. Ó ti wọ aṣọ òfì tó hun fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ó ti we gèlè, ó wọ́ díẹ̀ sápá kan. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, mi ò sì mọ ìgbà tó ti ń jókòó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó dìde.

"Ṣé ó ti kàn mí?"

 Ó na ọwọ́ sí ìgúnpá mi.

"Ṣé wọ́n ti ń pè mí?"

"Wọ́n ti parí ẹ̀, Màmá."

 Nísàlẹ̀, baálé ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí Bùọ̀dá Èkó sọ.

"Ta ló bá mi sọ tèmi?"

"Èmi ni, Màmá."

Kò bínú sí mi. Ká ní ó bú mi bó ṣe ń bú àwọn ará agbo ilé, ara ì bá tù mí. Ó fọwọ́ wá bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bọ́ bàtà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó yẹ ọwọ́ mi kúrò. Nígbà tó bọ́ wọn tán, ó ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde.